Ààbọ̀ Ọ̀rọ̀ Lórí Ìwé: Bí Ó Ti Yẹ Kí A Máa Wo Àwòrán Omi Tí A Fi Pẹ́ńsùlù Yà



Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ ní ìrọ̀lẹ́ yìí kéré lójú, ṣùgbọ́n kò kéré nínú. Ọ̀rọ̀ nípa ewé ìwé kan ni, tí kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ ènìyàn lọ, tí a fi pẹ́ńsùlù fa ìlà díẹ̀ sí, tí ó sì jẹ́ pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wà ní funfun láìsí ohunkóhun lórí rẹ̀. Bí a bá fi irú ewé ìwé bẹ́ẹ̀ lé ọ̀pọ̀ nínú wa lọ́wọ́, tí a sì wí fún wa pé àwòrán ìlú kan tí ó wà lórí omi nìyí, a ó yí i síhìn-ín, a ó yí i sọ́hùn-ún, lẹ́yìn náà a ó béèrè pé, “Omi ọ̀hún dà?” Ìbéèrè náà kì í ṣe ti òmùgọ̀. Òun gan-an ni mo fẹ́ dáhùn.

Àwọn baba wa máa ń wí pé ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúwàbí. Bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odindi. Gbogbo ẹ̀kọ́ mi wà nínú òwe yìí. Àwòrán tí a ń sọ yìí jẹ́ ààbọ̀ ọ̀rọ̀. Ẹni tí ó yà á mọ ohun tí ó ṣe, ó sì mọ ohun tí ó fi sílẹ̀ láìṣe; ẹni tí ń wò ó ni a sì fi ìyókù iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Bí ó bá ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, omi yóò yọ lójú rẹ̀. Bí kò bá ṣe é, ìwé funfun lásán ni yóò rí.

Kí a má ba à máa sọ̀rọ̀ lójú afẹ́fẹ́, ẹ jẹ́ kí a mú ọkùnrin kan pàtó, ìlú kan pàtó, àti iṣẹ́ ọjọ́ díẹ̀ kan pàtó.

I. Ọkùnrin náà àti ìlú náà

J. M. W. Turner ni orúkọ ọkùnrin náà. Lọ́ńdọ̀nù ni a bí i sí ní ọdún 1775. Onígbàjámọ̀ ni baba rẹ̀. Ní 1789, nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 14, a gbà á sí ilé-ẹ̀kọ́ Royal Academy, èyí tí í ṣe ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ó sì di 1802, ó ti di ọ̀kan nínú àwọn àgbà ẹgbẹ́ náà. Ó kú ní 1851, a sì sin ín sínú St Paul's Cathedral, ibi tí a ń sin àwọn ẹni ńlá sí. Àwọn àwòrán ńláńlá tí ó fi ọ̀dà yà ni ayé fi mọ̀ ọ́n jù, àwòrán òkun tí ń ru, ti oòrùn tí ń wọ̀, àti ti kùrukùru tí ó bo odò mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwọ̀nyí ni mo fẹ́ kí a wò lónìí, bí kò ṣe àwọn ìwé kékeré tí ó máa ń gbé sínú àpò kiri.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1819, Turner dé ìlú Venice ní ilẹ̀ Ítálì fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹni ọdún 44 ni nígbà náà. Ìlú ìyanu ni Venice jẹ́. Àárín ọ̀sà ni a tẹ̀ ẹ́ dó sí, lórí àwọn erékùṣù kéékèèké tí ó lé ní 100. Igi ni a gbá sínú ẹrẹ̀ ọ̀sà náà, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì, kí a tó lè gbé òkúta ilé lé e lórí. Omi ni ó wà ní ipò ìgboro púpọ̀ níbẹ̀. Ọkọ̀ gbọọrọ dúdú tí wọ́n ń pè ní gọ́ńdólà ni ó sì ń gbé ènìyàn láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà nígbà náà. Ẹni tí ó bá mọ ọ̀sà Èkó, tí ó sì ti rí bí ilé ti í dà bí ẹni pé ó léfòó lójú omi ní kùtùkùtù òwúrọ̀, kò ní ṣòro fún un láti fi ojú inú rí ìlú yìí.

Kò ju bí ọjọ́ márùn-ún lọ tí Turner lò níbẹ̀. Láàrin ọjọ́ márùn-ún náà, ó fi pẹ́ńsùlù ya àwòrán tí ó lé ní 100 sínú àwọn ìwé kékeré rẹ̀. Èyí tí ó fi àwọ̀ sí nínú àwọn àwòrán ìgbà náà kò pọ̀. Ìka ọwọ́ kan tó láti kà wọ́n. Kí ló dé tí ó fi rí bẹ́ẹ̀? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú lẹ́tà kan tí ọmọ John Soane, gbajúmọ̀ ayàwòrán-ilé nì, kọ láti Naples ní ọdún kan náà. Ó wí pé ní Róòmù, ẹnì kan bẹ Turner pé kí àwọn jọ jáde lọ fi àwọ̀ yàwòrán ní ìta. Turner sì dá a lóhùn pé yóò gba àkókò jù, nítorí pé kí òun tó parí ẹyọ kan tí ó ní àwọ̀, òun ìbá ti fi pẹ́ńsùlù ya 15 tàbí 16. Lẹ́tà náà tún sọ pé ẹnu ń ya àwọn gbajúmọ̀ tí ń ṣe afẹ́ kiri ní Naples sí àwọn àwòrán tí kò ní ju ìlà díẹ̀ lọ wọ̀nyí, pé kí ni ènìyàn lè fi wọ́n ṣe. Ẹ rí i pé ìbéèrè wa ti pẹ́ láyé: “Omi ọ̀hún dà?”

Ẹ sì gbọ́ ohun tí ó fi wọ́n ṣe. Ọdún 1833 ni ó tó kọ́kọ́ gbé àwòrán Venice tí ó fi ọ̀dà yà síwájú gbogbo ènìyàn ní Royal Academy. Láti 1819 dé ìgbà náà jẹ́ ọdún 14, kò sì tí ì padà sí ìlú náà láàrin wọn. Àwọn ìlà díẹ̀ tí ó fà sínú ìwé àpò rẹ̀ ni ó pa ìlú odindi mọ́ fún un ní gbogbo ọdún wọ̀nyí. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni ó kọ sílẹ̀. Nígbà tí àsìkò tó, ó di odindi.

II. Ohun èlò rẹ̀

Kí a tó ka ojú ewé náà, ó yẹ kí a mọ irú ohun èlò tí a fi kọ ọ́, nítorí ẹni tí kò mọ agbára ọkọ́ kò lè mọ ìyìn àgbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa pe inú pẹ́ńsùlù ní lẹ́ẹ̀dì, èyí tí í ṣe orúkọ tí àwọn òyìnbó ń pe òjé. Ṣùgbọ́n kò sí òjé kankan nínú rẹ̀. Òkúta dúdú kan tí ó rọ̀, tí ó sì ń dán, ni ó wà níbẹ̀. Gráfáìtì ni orúkọ rẹ̀, ìbátan èédú sì ni. Ní nǹkan bí 450 ọdún sẹ́yìn ni a rí èyí tí ó dára jù nínú rẹ̀ ní Borrowdale, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ogun wà láàrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ilẹ̀ Faransé, tí òkúta náà kò lè dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Faransé mọ́, ọkùnrin kan tí a ń pè ní Nicolas-Jacques Conté wá ọgbọ́n dá ní 1795: ó lọ̀ ọ́ kúnná, ó fi amọ̀ pò ó, ó sì fi iná sun ún gẹ́gẹ́ bí a ti ń sun ìkòkò. Bí amọ̀ bá pọ̀ nínú rẹ̀, pẹ́ńsùlù náà yóò le, ìlà rẹ̀ yóò sì rí fẹ́ẹ́rẹ́. Bí òkúta náà bá pọ̀, yóò rọ̀, ìlà rẹ̀ yóò sì dúdú. Ọgbọ́n yìí ni a ń lò títí di òní. Òun ni ìtumọ̀ lẹ́tà H àti lẹ́tà B tí àwọn ọmọ wa ń rí lára pẹ́ńsùlù wọn ní ilé-ẹ̀kọ́: H fún èyí tí ó le, B fún èyí tí ó dúdú.

Ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí a rántí nípa ohun èlò yìí. Èkíní, kò béèrè omi, kò béèrè ọ̀dà, kò sì sí pé a ń dúró kí ó gbẹ. Ẹni tí ó jókòó nínú ọkọ̀ tí ń mì lè lò ó. Èkejì, ó ń gbọ́ràn sí ọwọ́. Bí ọwọ́ bá tẹ̀ ẹ́, ó dúdú. Bí ọwọ́ bá gbé e fúyẹ́, ó rí bí èéfín. Bí ọwọ́ bá sì gbé e kúrò lójú ìwé díẹ̀ kí ó tó tún balẹ̀, ìlà náà yóò já, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ó ṣe pàtàkì jù: pẹ́ńsùlù kò lè ṣe ìmọ́lẹ̀. Òkùnkùn nìkan ni ó lè ṣe. Gbogbo ìmọ́lẹ̀ tí ayàwòrán ní kò ju funfun ìwé rẹ̀ lọ, ibikíbi tí ó bá sì ti fọwọ́ kan ni ó ti sọ di dúdú díẹ̀. Nítorí náà, bí ó bá fẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wà níbì kan, ohun kan ṣoṣo ni ó lè ṣe: kí ó fi ibẹ̀ sílẹ̀.

III. Bí a ti ń ka ojú ewé náà

Nísinsin yìí, ẹ jẹ́ kí a ṣí ìwé náà sí irú ojú ewé tí ó pọ̀ nínú rẹ̀, èyí tí ayàwòrán ti kọjú sí erékùṣù San Giorgio Maggiore, níwájú ìlú náà gan-an. Ilé ìsìn kan ni ó wà ní erékùṣù yìí. Palladio, ọ̀gá nínú àwọn ayàwòrán-ilé Ítálì, ni ó ṣe ètò rẹ̀, a sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ọ ní 1566. Òpó ńlá mẹ́rin dúró ní iwájú rẹ̀, òrùlé rìbìtì kan yọ lókè rẹ̀, ilé agogo gíga tí orí rẹ̀ ṣóńṣó sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Omi ni ó wà láàrin rẹ̀ àti àwa tí a ń wò ó. Ẹ jẹ́ kí a kà á ní ipele mẹ́rin.

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ wá ìlà tí ó dùbúlẹ̀. Ó gba ojú ewé kọjá láti apá kan dé apá kejì, níbi tí omi ti parí tí ilẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀. Òun ni ìpìlẹ̀ gbogbo ohun yòókù. Ilé gbogbo dúró lé e lórí. Òfin kan sì wà tí kò yí padà: ibi tí ojú ọ̀run ti dà bí ẹni pé ó pàdé omi a máa ṣe déédéé pẹ̀lú gíga ojú ẹni tí ń wò. Bí ènìyàn bá jókòó nínú ọkọ̀, tí ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju omi lọ, omi náà yóò rí tóóró bí ọ̀já. Bí ó bá gun òkè ilé agogo, omi kan náà yóò fẹ̀ síwájú rẹ̀ bí ẹní tí a tẹ́. Nítorí náà, ibi funfun tí ó wà nísàlẹ̀ ìlà yìí ti ń sọ ohun kan fún wa: ó ń sọ ibi tí Turner wà nígbà tí ó ń yà á, bóyá nínú ọkọ̀ ni tàbí lórí èbúté gíga. Irú òfin báyìí ni Aina Onabolu (1882–1963), ẹni àkọ́kọ́ tí orúkọ rẹ̀ ń wá sí ẹnu nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ àwòrán ní ilé-ẹ̀kọ́ wa, ń tẹnu mọ́ fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní Èkó. Ó ti lọ kọ́ iṣẹ́ náà ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1920, ó sì tẹnu mọ́ òfin ọ̀nà jíjìn àti ìtòsí tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi í ṣe orúkọ ìnagijẹ fún un.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo àwọn ilé. Ẹ má ṣe wá bíríkì, ẹ má sì ṣe ka fèrèsé. Ilé agogo náà kò ju ìlà méjì tí ó dúró gbọọrọ pẹ̀lú ṣóńṣó kan lórí. Òrùlé rìbìtì kò ju ọ̀já ìlà kan tí ó tẹ̀ bí igbá tí a dojú rẹ̀ délẹ̀. Ẹ wo ibi tí oòrùn ti ń kọ lu ògiri, ẹ ó rí i pé ìlà náà já níbẹ̀. Kì í ṣe pé ọwọ́ rẹ̀ rẹ̀ ẹ́. Ìmọ́lẹ̀ tí ó mọ́ jù a máa gbé etí nǹkan mì, ojú wa kò sì ní rí ibi tí ògiri ti parí tí òfuurufú ti bẹ̀rẹ̀. Turner kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ní ibi tí ojú rẹ̀ kò ti rí ìlà, kò fa ìlà. Ẹ sì tún wò ó pé ohun tí ó wà nítòsí ni ìlà rẹ̀ dúdú, tí ohun tí ó wà lókèèrè sì ń fẹ́rẹ̀ sí i, títí ilé tí ó jìnnà jù fi dà bí èémí tí a mí sára dígí.

Nígbà náà ni kí ẹ tó wá sọ́dọ̀ omi. Ibẹ̀ ni ìwé ti ṣófo jù, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti kún jù. Ẹ rò ó wò: omi tí ó dákẹ́ ní ojú ọ̀sán, kí ni àwọ̀ rẹ̀? Kò fi bẹ́ẹ̀ ní tirẹ̀. Ti ojú ọ̀run ni ó yá lò, àti ti ilé, àti ti igi tí ó wà létí rẹ̀. Bí ojú ọ̀run bá funfun, omi a funfun. Ta ni ó wá lè kun ohun tí kò ní àwọ̀ ti ara rẹ̀, pẹ̀lú ohun èlò tí kò lè ṣe ìmọ́lẹ̀? Ayàwòrán tí ó gbọ́n kò kùn ún. Etí rẹ̀ ni ó fi ń mú un. Lábẹ́ ilé agogo, ó fa ìlà kúkúrú díẹ̀ tí ó sọ̀ kalẹ̀ tààrà. Òjìji ilé náà nínú omi ni. Òjìji a máa wà ní ìsàlẹ̀ ohun tí ó ni ín gan-an, kò ní yà sí ọ̀tún tàbí sí òsì. Bí omi bá dákẹ́, òjìji náà yóò dúró ṣinṣin. Bí afẹ́fẹ́ bá rú u, yóò gùn sí i síhà ọ̀dọ̀ ẹni tí ń wò, yóò sì já sí wẹ́wẹ́. Lẹ́yìn èyí ó fa ìlà kéékèèké méjì tàbí mẹ́ta tí ó dùbúlẹ̀, láti fi hàn pé ojú omi tẹ́jú. Ó parí.

Ẹ fi ìka bo àwọn ìlà kéékèèké wọ̀nyí mọ́lẹ̀, ẹ ó rí i pé gbogbo ibi funfun náà padà di ìwé. Ẹ ṣí ìka kúrò, ó tún di omi. Kò sí ohun tí ó yí padà nínú ibi funfun náà fúnra rẹ̀. Ohun tí ó wà létí rẹ̀ ni ó sọ ọ́ di ohun tí ó jẹ́. Èyí kò yẹ kí ó ṣàjèjì sí wa. Ìyá tí ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ a máa fi ẹ̀kọ ya iṣẹ́ ọnà rẹ̀ sára aṣọ funfun kí ó tó rẹ ẹ́ sínú aró. Nígbà tí ó bá yọ aṣọ náà, ibi tí aró kò dé ni ẹyẹ wà, ibi tí aró kò dé ni ewé wà. A kì í wí pé ìyá náà fi ẹyẹ sílẹ̀ láìpa láró. A máa ń yìn ín pé ó mọ ibi tí aró kò gbọ́dọ̀ dé.

Ní ìkẹyìn, ẹ wo ọkọ̀. Ìlà dúdú kékeré kan ni, tí ó tẹ̀ díẹ̀ ní orí àti ní ìdí, pẹ̀lú ìlà tínrín kan tí ó dúró lórí rẹ̀, èyí tí í ṣe atukọ̀. Bí ọkọ̀ bá wà nísàlẹ̀ ojú ewé, ó wà nítòsí wa. Bí ó bá gòkè súnmọ́ ìlà tí ó dùbúlẹ̀, ó jìnnà, yóò sì kéré. Ẹ fi ọkọ̀ tí ó tóbi wé èyí tí ó kéré, ẹ ó sì mọ bí omi tí ó wà láàrin wọn ti fẹ̀ tó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò ya ẹ̀kán omi kan láàrin wọn.

IV. Èsì fún àwọn tí ń ṣiyè méjì

Ẹnì kan lè wí pé, “Ọmọ kékeré lè ṣe èyí.” Ẹ bọ̀wọ̀ fún ọmọ kékeré, ṣùgbọ́n ẹ dán an wò. Ohun tí ọmọdé mọ̀ ni í yà, kì í ṣe ohun tí ó rí. Ó mọ̀ pé omi ń rú, nítorí náà yóò fi ìlà kọ́lọkọ̀lọ kún gbogbo ojú ewé. Ó mọ̀ pé ọkọ̀ ní inú àti òde, yóò sì ya inú àti òde pọ̀. Kò sí ibi tí yóò fi sílẹ̀, nítorí kò tí ì mọ ohun tí ó tó. Ẹ tún dán èyí wò: ẹ gbé ọkan nínú àwọn ìlà Turner sókè díẹ̀ ju ibi tí ó wà lọ. Bí ó bá jẹ́ ìlà ọkọ̀, ọkọ̀ náà yóò fò kúrò lójú omi bí ẹyẹ. Bí ó bá jẹ́ ìlà òjìji, ilé náà yóò dà bí èyí tí ó fẹ́ ṣubú. Nínú àwòrán tí ó ní ẹgbẹ̀rún ìlà, ọgọ́rùn-ún lè ṣìnà kí a má mọ̀. Nínú èyí tí ó ní ogún, ẹyọ kan kò lè ṣìnà kí ó fara pamọ́.

Ẹlòmíràn lè wí pé, “Iṣẹ́ tí a kò parí ni.” Ọ̀rọ̀ yìí wúwo jù ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí Turner fúnra rẹ̀ lè gbè é lẹ́sẹ̀. Nínú ìwé ìhágún rẹ̀, àwọn àwòrán tí ó ti parí ni ó fẹ́ fi sílẹ̀ fún orílẹ̀-èdè rẹ̀. Àwọn ìbátan rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ ogún náà lọ sí kóòtù, ìdájọ́ sì wáyé ní 1856 pé ohun gbogbo tí ọwọ́ rẹ̀ yà tí ó wà nílé rẹ̀, èyí tí ó parí àti èyí tí kò parí, di ti orílẹ̀-èdè. Báyìí ni àwọn ìwé àpò tí ó tó bí 300 bọ́ sí gbangba. John Ruskin, òǹkọ̀wé tí ó fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀, ni ó kọ́kọ́ tò wọ́n. Bí a bá ka gbogbo ojú ewé àti gbogbo àwòrán orí ìwé náà, wọ́n lé ní 30,000.

Nítorí náà, òtítọ́ ni pé ohun tí ọkùnrin kan kọ fún ara rẹ̀ ni a ń wò, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ṣí ìwé àdúrà ìkọ̀kọ̀ ẹni ẹlẹ́ni. Ó yẹ kí a fi ìtẹríba wò ó. Ṣùgbọ́n kò túmọ̀ sí pé kò parí. Ohun tí a fẹ́ kí nǹkan ṣe ni a fi ń mọ̀ bóyá ó parí. Ìlà wọ̀nyí ní iṣẹ́ kan láti ṣe: kí wọ́n di ìlú kan mú ní ìṣẹ́jú díẹ̀, kí wọ́n má sì jẹ́ kí ó lọ. Ọdún 14 ni wọ́n fi dì í mú. Àgbẹ̀ kì í wí pé irúgbìn kò parí nítorí pé kì í ṣe igi.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn kan kún un. Ní oṣù kìíní ọdún 1928, odò Thames kún bo bèbè rẹ̀ ní òru, ó sì ya wọ inú àwọn yàrá ìsàlẹ̀ Tate Gallery ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí a kó àwọn àwòrán orí ìwé Turner pamọ́ sí. Omi tí ó fi gbogbo ayé rẹ̀ yà wá bá a nílé. A kó wọn jáde, a sá wọn gbẹ, a sì gbé wọn lọ sí British Museum lẹ́yìn náà. Láti 1987 ni wọ́n ti ní ìpín ilé tiwọn lára Tate, èyí tí a ń pè ní Clore Gallery. Gráfáìtì kì í yòrò nínú omi. Àwọn ìlà Venice wọ̀nyẹn ṣì wà níbẹ̀ títí di òní, ẹnikẹ́ni tí ó bá sì dé Lọ́ńdọ̀nù lè béèrè láti rí wọn.

V. Bí ó ti yẹ kí a wò ó, àti èrè rẹ̀

Mo ní ìmọ̀ràn díẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ wo irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Kí ó má ṣe kánjú. Kí ó fi bí ìṣẹ́jú márùn-ún jókòó níwájú ewé kan ṣoṣo, dípò kí ó fi ìṣẹ́jú márùn-ún ṣí ogójì. Kí ó kọ́kọ́ dì í mú lókèèrè, kí ó lè rí bí funfun àti dúdú ti pín ilẹ̀ náà. Lẹ́yìn èyí kí ó mú un súnmọ́ ojú, kí ó sì wo ibi tí ọwọ́ ti tẹ̀ àti ibi tí ọwọ́ ti gbé. Kí ó bi ara rẹ̀ pé: Níbo ni ayàwòrán náà jókòó? Láti ibo ni oòrùn ti ń wá? Ǹjẹ́ afẹ́fẹ́ ń fẹ́? Bí ó bá lè dáhùn ìbéèrè mẹ́ta wọ̀nyí láti inú ogún ìlà, ó ti gbọ́ ààbọ̀ ọ̀rọ̀, ó sì ti di odindi nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, kí òun náà mú pẹ́ńsùlù. Kí ó lọ sí etí odò tàbí etí ọ̀sà, tàbí kí ó jókòó ti adágún omi tí òjò fi sílẹ̀ ní àgbàlá, kí ó sì fún ara rẹ̀ ní ìlà mẹ́wàá péré. Yóò kọ́kọ́ ná márùn-ún dànù. Ṣùgbọ́n kí ó tó fa ẹ̀kẹfà, yóò gbé ojú sókè, yóò sì wo omi náà bí kò ti wò ó rí, nítorí pé ìlà rẹ̀ kò pọ̀ mọ́. Èyí ni mo ń fẹ́ kí àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ wa fi sọ́kàn. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni a ti fún ní máàkì kékeré nítorí pé wọn kò kun ojú ewé tán, nígbà tí ó jẹ́ pé àwọn nìkan ni ó wo ohun tí a gbé síwájú wọn dáadáa. Lónìí tí ọmọdé àti àgbà ń fi fóònù gba àwòrán ọgọ́rùn-ún lójúmọ́ tí wọn kò sì tún wo ọ̀kan nínú wọn, ẹ̀kọ́ yìí tún wúlò ju ti ìgbà baba wa lọ.

Ẹ óò bi mí pé, kí ni èyí kan àlùfáà? Ó kàn án púpọ̀. Ẹlẹ́rìí ni a pè wá láti jẹ́, ìbáà ṣe ní ìgbìmọ̀ ìjọ, ní kóòtù, tàbí nígbà tí a bá ń sọ ohun tí Ọlọ́run ṣe fún wa. Ìdánwò ẹlẹ́rìí kì í ṣe pé kí ó máà sọ̀rọ̀ rárá. Ó jẹ́ pé kí ó máa fi ohun tí kò rí dí àlàfo ohun tí ó rí. Ẹ̀rí a máa dùn sí i bí a ti ń tún un sọ: èyí tí ó jẹ́ ibà ní ọdún yìí a di àjíǹde nínú òkú ní ọdún tí ń bọ̀. A kò fẹ́ kí ibì kan ṣófo nínú ìtàn wa. Ọkùnrin tí ó jókòó nínú ọkọ̀ ní Venice, tí ó sì kọ̀ láti fa ìlà níbi tí ojú rẹ̀ kò ti rí ìlà, lè kọ́ wa ní ẹ̀rí òtítọ́. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n, àwòrán tí ó kún fún ìlà kì í sì í ṣe ẹ̀rí pé ayàwòrán rẹ̀ wò dáadáa.

Ó tún kan bí a ti ń dúró níwájú Ọlọ́run. Wòlíì Èlíjà rí ìjì, ó rí ìmìtìtì ilẹ̀, ó rí iná. A sì mọ̀ pé nínú ohun tí ó dákẹ́ jù tí ó tẹ̀lé wọn ni ó ti gbọ́ ohùn tí ń pè é. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni àdúrà wa kò ní àlàfo kan tí Ọlọ́run lè gbà wọlé, nítorí a ti fi ọ̀rọ̀ tiwa kún ojú ewé náà láti òkè délẹ̀. Mo ti sọ fún yín pé pẹ́ńsùlù kò lè ṣe ìmọ́lẹ̀. Àwa náà kò lè ṣe é. Ohun tí a lè ṣe ni kí a fi àyè sílẹ̀ fún un.

Ǹjẹ́ kí Olúwa, ẹni tí ó pààlà sáàrin omi àti ìyàngbẹ ilẹ̀ ní àtètèkọ́ṣe, fún wa ní ojú tí ń rí, ọwọ́ tí ó mọ ibi tí ó tó, àti ọkàn tí ó lè gbọ́ ààbọ̀ ọ̀rọ̀. Àmín.